Ẹ̀jẹ̀ Ìdílé Ìyá Débọ̀

Láàárọ̀ Sátidé, Ìyá Débọ̀ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀, Àyànfẹ́, ọmọ oṣù mẹ́ta, ó pọ̀n ọ́n. Kó tó di ọ̀sán, ọmọ ti kú mọ́ ọn lẹ́yìn. Kò ṣàìsàn, kò wúkọ́. Gbogbo àdúgbò wọn, Narayi, ní ìyá àgbà ló jẹ ẹ́. Dinah, alájọgbé wọn, búra pé òun rí ẹyẹ funfun lórí táǹkì omi. Ẹ gbà mí o, lékèélékèé tó wá mumi! Ta ló fẹ́ gbọ́?

Ara ìyá náà ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìpẹ́ funfun bo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń já sílẹ̀ níbi tó bá jókòó. Àwọn ìka rẹ̀ wú, wọ́n wọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, irú ìpẹ́ yẹn yọ sára Tolúwaṣẹ, ẹ̀gbọ́n Àyànfẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìka tirẹ̀ náà ń wú.

Morọ́láyọ̀, ìyá ọmọ, gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà Àbdùlsàlámì wò ó títí.

"Àìsàn awọ ni, kì í ràn. Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló sábà máa ń wá, ó sì lè wọ oríkèé. Ta ló tún ní in?"

"Ìyá ọkọ mi."

"Ẹ ò rí i? Oògùn wà fún un."

Morọ́láyọ̀ ò dúró gbọ́ ti oògùn. Ṣebí bí àjẹ́ náà ṣe ń wá nìyẹn, láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ? Ó délé, ó gbé ọmọ odó, ó kọjú sí Ìyá Débọ̀.

"Dókítà ti jẹ́rìí ẹ! O jẹ ọ̀kan, o fẹ́ sọ èkejì di irú ẹ!"

"Morọ́láyọ̀, mo bẹ̀ ọ́…"

Ó là á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka méjì kán, ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri. Ó tún là á mọ́ ọn léjìká. Dinah ń pariwo, "Pa á!" Débọ̀, ọkọ Morọ́láyọ̀, ọmọ bíbí inú ìyá yìí, dúró sẹ́nu ọ̀nà bí òpó. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó mọ ohun tó wà lábẹ́ fìlà ọmọ rẹ̀, kò sì tú u fó.

Ìgbà tí ọmọ odó kọjú sí orí ni Débọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fò mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbá a lulẹ̀, ó ṣí fìlà. Ìpẹ́ bo àtàrí rẹ̀ dé etí.

"Kì í ṣe làpálàpá bí mo ṣe ń sọ fún ẹ! Irú ti Màámi ni. Dókítà ti sọ fún mi kí n tó fẹ́ ẹ. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ ti gbà á!"

"O sì dákẹ́? O jẹ́ kí n ṣẹ́ ìyá ẹ lọ́wọ́?"

"Ojú ló tì mí."

Ojú! Ẹ wo ẹnu tó fi sọ ọ́.

Dinah yọ́ wọlé, ó tilẹ̀kùn. Morọ́láyọ̀ dìde, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tolúwaṣẹ jáde láti ẹ̀yìn àga, ó fi ìka rẹ̀ tó wú pamọ́ sábẹ́ apá.

"Mummy, don Allah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ tèmi."