Orin Tí Ikọ́ Dá Dúró

Tíì inú ife Yámínà kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí gbogbo ará ilé bá gbé ife kalẹ̀ sórí àwo, tí tíì tàwọn yòókù parọ́rọ́, tirẹ̀ á ṣì máa mì, ewé míńtì orí rẹ̀ á lọ sọ́tùn-ún, á bọ̀ sósì. Ọrùn rẹ̀ ni tíì náà ń tẹ̀ lé. Ó ti pé ọdún méjì tí ọrùn ọmọbìnrin náà ti ń yí díẹ̀díẹ̀ bíi ti ẹni tó ń gbọ́ orin láti yàrá kejì, ì báà máa gé àlùbọ́sà, ì báà sùn lọ fọnfọn.

Mahjúbù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ewé míńtì náà, inú ń bí i.

"Mu tíì yẹn kíákíá, jàre. Òyì ń kọ́ mi."

"Gbé ojú ẹ sọ́nà míì," Yámínà dá a lóhùn. "Àbí o fẹ́ fi ọ̀bẹ gbẹ́ mi bó o ṣe ń gbẹ́ àwọn àpótí ẹ?"

Yámínà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìyá Ìdírì, apẹja tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ti ránṣẹ́ wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìgbéyàwó síwájú. Ìyá náà ní bí oṣù yìí bá fi parí tí ọrùn yẹn ò dúró, kí wọ́n dá ẹrù ìdána padà, òun ò lè mú ìyàwó tó ń jó lójú oorun wọ ilé òun.

Ní ìlú Súírà, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, bí àlùjànnú bá ń yọ èèyàn lẹ́nu, wọn kì í lé e. Orin rẹ̀ ni wọ́n ń kọ fún un. Máálẹ́mù, ìyẹn ọ̀gá olórin, á gbé gímbírì olókùn mẹ́ta tí wọ́n fi awọ ọrùn ràkúnmí bò sórí itan, àwọn tó kù á máa pa irin kírákébù pọ̀ lọ́wọ́, tùràrí á máa rú, ẹni tí orin náà jẹ́ tirẹ̀ á dìde, á máa jó. Ṣùgbọ́n orin àlùjànnú dà bí ọkọ̀ ojú omi: ẹni tó bá tù ú kúrò létíkun gbọ́dọ̀ tù ú dé èbúté. A kì í gbé gímbírì kalẹ̀ títí oníjó yóò fi ṣubú fúnra rẹ̀. Ìṣubú yẹn ni ìwòsàn.

Yámínà ò tíì ṣubú. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, bó ṣe ń jó nínú aṣọ aró àwọn àlùjànnú omi, ikọ́ gbé Máálẹ́mù Bújúmà, àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni ò rí kó wúkọ́ rí. Ó wú u, ó wú u, omi ń dà lójú rẹ̀, títí gímbírì fi yọ̀ bọ́ lórí itan rẹ̀. Orin dá. Yámínà dúró gbagidi láàárín yàrá, ọrùn rẹ̀ nìkan ló ń yí lọ. Bújúmà nu ojú, ó wo àwọn tó pagbo yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹni tó dá a dúró ló máa gbé e." Kí oṣù náà tó jáde, ọjọ́ ogbó mú un lọ.

Láti ìgbà náà, máálẹ́mù mẹ́ta ni wọ́n ti bẹ̀ kí wọ́n wá parí orin náà. Ti Máràkéṣì ló kọ́kọ́ wá, tí ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi orí òkè. Nígbà tó dé ibi tí orin ti ń wọ̀ lọ sísàlẹ̀, tí àtàǹpàkò ń lu okùn tó nípọn jù lẹ́ẹ̀mẹta kí ohùn tó tún gòkè, ó wúkọ́. Gímbírì bọ́. Èkejì ní òun ò ní kọrin rárá, òun á kàn ta okùn. Ibẹ̀ náà ni ikọ́ ti gbé e. Ẹ̀kẹta mu odindi ìgò oyin kan kó tó jókòó. Ibẹ̀ náà ló dé tó pọ oyin sórí ẹní ìyá Yámínà. Wọ́n sì fọ ẹní ọ̀hún, oyin ò tán lára rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ní àlùjànnú Yámínà ló le. Mahjúbù mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí orin bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, òórùn kan máa ń kọjá nínú yàrá, ó tín-ín-rín, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. Àwọn yòókù á kàn fọwọ́ ra imú. Òun nìkan ló máa ń dorí kodò, nítorí òun nìkan ló mọ orúkọ rẹ̀.

Ata ni. Ata gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná.

Òun ló fi sí i. Ó ti da iyọ̀ sí tíì Bújúmà rí, ó ti so bàtà rẹ̀ méjèèjì pọ̀ rí, àgbàlagbà náà ò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Lọ́jọ́ yẹn, Mahjúbù, tó ń pa kírákébù nítòsí abọ́ ẹyín iná, fi ìka méjì bu ata, ó jù ú sórí tùràrí dúdú, ó ń retí kí ọ̀gá sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí agbo rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni. Ta ni yóò pe àwàdà ní ọdún méjì?

Lẹ́yìn tí ìránṣẹ́ ìyá Ìdírì lọ tán, ó lọ bá Lálà Támù, ìyá arúgbó tó máa ń darí agbo, tó sì ń tọ́jú àwọn aṣọ àti tùràrí. Ìyá náà ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mahjúbù bá a ṣa ẹ̀wà títí kó tó rí ẹnu la. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni pé ẹ̀wà náà létí.

Lálà Támù ò gbójú sókè. "Èló ni ata náà?"

"Ìka méjì péré, Lálà."

"Kí ló dé tó ò sọ láti ọjọ́ yìí?"

"Ojú ló ń tì mí."

"Ojú ń tì ẹ́, ọrùn àbúrò ẹ ń yí." Ó ju òkúta kan síta. "Òmùgọ̀ ọmọ. Oyin la wá ń fi pa ata."

"Ẹ bínú tán ná, Lálà. Kí ni kí n ṣe?"

"Èéfín tó o rán jáde ò ríbi wọ̀. Ọ̀fun àwọn olórin ló ń kàn kiri. Ní Ọjọ́rú, tí máálẹ́mù kẹrin bá ń kọrin, máa gbé ẹnu ẹ sórí iná. Bó bá dé, fà á. Má wúkọ́."

"Tó bá wọlé, ìgbà wo ló máa jáde?"

Ìyá náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. "Mo ní, ìgbà wo ló máa jáde?" Mahjúbù tún béèrè. Ìyá náà ju òkúta míì síta.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, Máálẹ́mù Layáṣì jókòó, ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn tó ń jẹ gbòǹgbò igi dídùn lẹ́nu. "Mo ti gbọ́ ìtàn ilé yín," ó ní. "Tí mo bá wúkọ́, ẹ má gbé oyin wá o." Agbo rẹ́rìn-ín. Mahjúbù kúnlẹ̀ síwájú abọ́ ẹyín iná. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Tùràrí nìkan ló wà níbẹ̀.

Gímbírì bẹ̀rẹ̀, ó rọra, ó jinlẹ̀, bí ẹni ń fi ìkùùkù kan ilẹ̀kùn abẹ́ omi. Kírákébù tẹ̀ lé e. Mahjúbù ti gbọ́ orin náà láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, síbẹ̀ ó mú un láyà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ìyá wọn fi ìbòrí bojú. Gbogbo agbo ló ń rántí ẹni tí òkun gbé lọ lọ́dọ̀ wọn. Yámínà dìde nínú aṣọ aró.

Orin ń wọ̀ lọ sísàlẹ̀. Okùn nípọn dún lẹ́ẹ̀kan. Òórùn náà dé. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Omi lé ròrò sí ojú Layáṣì, ọ̀fun rẹ̀ gbéra sókè. Mahjúbù la ẹnu sórí iná, ó sì fa èémí títí àyà rẹ̀ fi fẹ́ ya. Ata wọlé. Ó jó ahọ́n, ó jó ọ̀nà ọ̀fun, ó lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bí àlejò tó rí ibùsùn. Ó pa ẹnu dé. Omijé bò ó lójú, kò wúkọ́.

Okùn dún lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn Layáṣì gòkè, ó mọ́, ó kọjá, bí ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá gun òkúta kọjá. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ láti ọdún méjì ni wọ́n dé. Yámínà yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣubú lulẹ̀ jẹ́jẹ́ bí aṣọ tó já lórí okùn.

Nígbà tó jí, wọ́n gbé tíì fún un. Gbogbo agbo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ife náà. Ewé míńtì náà ò mì. Ìyá wọn pariwo ayọ̀, Ìdírì ń nu ojú lẹ́nu ọ̀nà. Yámínà mu tíì tán, lẹ́yìn náà ló ká imú kò, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ata ń rùn," ó ní.

"Ata wo?"

"Ẹnu ẹ ló ti ń jáde."

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, Mahjúbù mú kírákébù rẹ̀, ó jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Layáṣì ta okùn lẹ́ẹ̀mẹta, ikọ́ gbé e. Àwọn afunfèrè wúkọ́ sínú fèrè. Akọrinbìnrin tí wọ́n háyà láti Sáfì wúkọ́ títí òdòdó fi já lórí rẹ̀. Lálà Támù di apá Mahjúbù mú, ó fà á jáde bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Kò tíì rìn ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ tí orin fi dán mọ́rán lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ọkàn Mahjúbù ń fẹ́ láyé yìí ò ju kó di máálẹ́mù lọ́jọ́ kan. Ó dúró nínú atẹ́gùn ní òpin òpópónà, ó fi kírákébù gbá ògiri títí ọ̀kan fi ya. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Wọn ò sọ pé eérú náà ń bá a gbélé.

Ó padà sí ìsọ̀ tó ti ń gbẹ́ àpótí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó mú ọ̀bẹ, ó tan rédíò kékeré orí pátákó, nítorí kò sí olórin tí òórùn ata náà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Orin àtijọ́ ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́. Atọ́kùn ètò ní obìnrin tó kọ ọ́ ti wà nínú ilẹ̀ láti ogójì ọdún. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Mahjúbù mí kanlẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀.

Nínú rédíò, obìnrin náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó ń fa imú. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́.