Afinimọ̀nà Àdúgbò Ilé Eré

Bàṣírù gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó mu omi, ó nu ẹnu, ó sì sọ pé ọmọ wa Séverin ní kí òun kí wa.

Euphrasie, ìyàwó mi, ń dín gààrí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gààrí bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, kò sì sí ẹni tó gbé e kúrò lórí iná nínú wa.

Séverin ti kú ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú. Ibà ló pa á. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e lọ sí ẹ̀yìn òkè, nítorí pé nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Bàṣírù kò gbọ́ nípa rẹ̀. Niamey ló ti ń ta aṣọ ní gbogbo àkókò náà, Èkó ló gbà padà wálé, ilé wa tó wà létí ọ̀nà ló sì kọ́kọ́ yà sí kó tó wọ ọjà Dassa.

“Ó ti sanra, Mẹ́tìrì,” ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé. “Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àlejò ló ń kó sẹ́yìn, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn káàkiri àwọn ilé eré àtijọ́ tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, á sì máa sọ ìtàn wọn. Òyìnbó tó ní mọ́tò nílé, òun ló ń làágùn nínú oòrùn kó lè wo ògiri tó ti ń wó. Ọmọ yín gbọ́n jù wá lọ.”

A fún un ní oúnjẹ. A kò sọ nǹkan kan fún un.

Nígbà tó lọ tán, Euphrasie jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì ń rò, kò sí ẹni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀: àkúdàáyà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tó sì kú, lè lọ bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn nílùú tí wọn kò ti gbọ́ ikú rẹ̀. Á ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá bá a sọ̀rọ̀, ó parí. Kò ní sí níbẹ̀ mọ́, kò sì ní sí níbòmíràn.

“Ẹ má lọ,” ni ìyàwó mi wí. “Bí ó bá ń mí níbì kan, ó tó mi.”

Mo ní n kò ní sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lásán ni mo fẹ́ rí.

“Ẹ̀yin,” ni ó wí, “tí ẹ ń dá ọmọlọ́mọ lóhùn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ó lè dákẹ́?”

Mo lọ. Ní Paouignan ni mo ti wọ ọkọ̀. Ní Kútọnu mo ra láwàní àti jígí ojú dúdú, mo fi láwàní náà wé orí àti ẹnu, títí n kò fi jọ ara mi mọ́. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo ń gbà ní gbogbo ọ̀nà, pé kí Ọlọ́run dì mí lẹ́nu.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, abẹ́ igi ńlá kan tí Bàṣírù júwe ni mo ti rí i. Ó dé fìlà tí wọ́n fi koríko hun. Ó ń kí àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, òyìnbó mélòó kan àti àwọn olùkọ́ tó wá láti Ìbàdàn. Ó ní Cyprien ni orúkọ òun. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Séverin kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan nígbà ayé rẹ̀. Faransé ni mo kọ́ ọ.

Mo dúró lẹ́yìn gbogbo wọn.

A dé ilé eré àkọ́kọ́, tó ti di ibi tí wọ́n ń kó àpò ìrẹsì sí. Ó fi àtẹ̀gùn pákó hàn wá, ibi tí àwọn olórin ń gbà gòkè ní ayé àtùpà elépo. Ó sọ irú òróró tí wọ́n fi ń pa irun, ó sọ bí aṣọ ìkélé ṣe ń rùn nígbà òjò. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́. Òun náà rẹ́rìn-ín. Òógùn ti mu aṣọ gbogbo wa. Tirẹ̀ gbẹ, ó mọ́, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú àpótí.

Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó yẹ kó tó mi.

Ilé eré tó gbẹ̀yìn kò ní òrùlé mọ́. Níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbé eruku wọ abẹ́ láwàní mi, mo sì wúkọ́.

Ikọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ikọ́ bàbá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọmọ wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ó wà láàárín ọ̀rọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣe ohun tí mo kọ́ ọ kó tó mọ̀wé. Ó yí padà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú títì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, fìlà rẹ̀ yí lọ.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni.

Nílé wa, ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kì í dìde, àfi bí bàbá bá ní kó dìde.

N kò sọ̀rọ̀. Àtẹ́wọ́ dákẹ́. Ọkùnrin méjì nínú àwọn olùkọ́ gbá a lápá mú, wọ́n fà á, kò kúrò nílẹ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Mo wo eruku tó wà lábẹ́ imú rẹ̀. Eruku náà kò mì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Nígbà náà ni ó sọ̀rọ̀ sínú ilẹ̀, ní èdè òkè wa, tí ẹlòmíràn kò gbọ́ níbẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀ mí pé kí n dáhùn, tàbí pé kí n máa lọ.

“Dìde, ọmọ mi,” ni mo wí.

Ó dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù. Ó wò mí pẹ́, kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun wá wo orí ìtàgé, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. A wọlé tẹ̀ lé e. Ògiri mẹ́rin ni a bá, àti koríko tó ga dé ìbàdí. Kò sí ilẹ̀kùn mìíràn. Koríko náà kò sì ṣẹ́ níbì kankan.

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, wọ́n wá a díẹ̀, wọ́n sì túká tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Mo jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti bá mi, tó ru abọ́ oúnjẹ, tí oyún rẹ̀ ti tóbi. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ó ní Ṣadé ni orúkọ òun. Ó béèrè bóyá mo rí ọkọ òun, afinimọ̀nà, Cyprien, pé ibí yìí ló máa ń parí iṣẹ́ sí lọ́sàn-án.

Mo ní ó ti lọ.

Ó jókòó tì mí láti dúró dè é. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní ọkọ òun kò ní ẹbí. Gbogbo ará ilé rẹ̀ ló ti kú, bó ṣe sọ fún òun nìyẹn. Ó ní oyún yìí ni ẹbí tí yóò kọ́kọ́ ní.

Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó ṣí ọwọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

“Ó ti ń tàpá láti àárọ̀,” ni ó wí. “Bí mo ṣe ń bọ̀ lójú títì níbí báyìí ló dákẹ́ lójijì.” Ó gbójú sókè. “Kò sí nǹkan tó ṣe é, àbí, bàbá?”

Ó ń wo ẹnu mi, ó ń dúró de ohun tí n ó wí.