Páálí Oníhò Kan

Ismaheel Ládòkun ni wọ́n ṣẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ará Ìlerò. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sóko láti lọ wa iṣu, kò sì padà wálé. Wọ́n rí ọ̀kadà náà lẹ́bàá ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Oko yẹn gan-an ni Olóyè Ìyápọ̀ ní òun ti rà, tí Ismaheel sì ní òun kò tà. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí wọ́n fi wáyà yí oko náà ká, tí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Apá yìí, gbogbo ará Ìlerò ló mọ̀ ọ́n. Apá tó kù, èmi àti ìyàwó rẹ̀ la fojú ara wa rí i. Ara mi dá, orí mi pé, ọ̀sán gangan ló sì ṣẹlẹ̀. Àwọn páálí náà wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn, kó wá.

Motúnráyọ̀ lorúkọ mi. Mo kàwé gboyè, mo wáṣẹ́ títí ó fi sú mi. Nígbà tí iṣẹ́ kò dé, mo ra ẹ̀rọ kan tó ń gé bébà lọ́wọ́ obìnrin kan n'Íbàdàn, Bọ́sẹ̀, tó ń múra àtilọ sí òkè òkun. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju orí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Abẹ inú rẹ̀ kò tó èékánná. O máa ya ohun tí o fẹ́ sórí fóònù, ẹ̀rọ á gbà á láìlo wáyà. O máa lẹ páálí mọ́ rọ́bà pẹlẹbẹ kan, o máa tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á gbé e mì, abẹ á máa dún ṣìn-ìn, ṣìn-ìn. Mo ń fi gé orúkọ tí wọ́n ń gún sórí kéèkì, àti òdòdó ara káàdì ìgbéyàwó. Sólà ló ń gbé e ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí, nítorí náà ojúmọmọ nìkan ni mo ń lò ó.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fi gé kì í ṣe ti kéèkì. Èmi àti Mùyìbátù, ìyàwó Ismaheel, tí mo ń pè ní Ìyá Sàrátù, fẹ́ lọ dúró níwájú ilé ìjọba ìbílẹ̀. Mo gé lẹ́tà ńláńlá sára páálí funfun: NÍBO NI ISMAHEEL WÀ? Ó jáde láìlábàwọ́n, títí kan àmì orí rẹ̀.

"Ìyá Sàrátù, ẹ wò ó."

"Ó dáa. Wọn ò ní lè sọ pé àwọn ò rí i kà." Ó gbé e mọ́ àyà. "Motún, mo ti mọ̀ pé kò sí láyé mọ́. Kí n rí i sin ni mo fẹ́. Kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kírun sí i lára. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

A dúró láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun alásàrí. Ẹnikẹ́ni kò jáde sí wa.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́ládé, obìnrin kan tó ń ṣe kéèkì ní Àgọ́-Àrẹ, ní kí n gé orúkọ ọmọ kan, Faith. Mo lẹ páálí aláwọ̀ wúrà, mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó tu páálí sílẹ̀, kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Nǹkan kan bí etí ewúrẹ́ ni, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, tí ihò kékeré kan sì wà nítòsí ṣóńṣó rẹ̀. Ihò náà kò ju hóró ẹ̀wà lọ.

Mo rò pé èmi ni mo ṣìṣe. Mo tún orúkọ náà kọ. Etí ewúrẹ́ ló tún gé. Mo pààrọ̀ abẹ. Ìkan náà ni. Mo pe Bọ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀rọ yìí máa ń ya wèrè tẹ́lẹ̀ ni?"

"Wèrè bíi ti báwo?"

"Mo kọ Faith, ó gé nǹkan míì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún méjì ló fi bá mi ṣiṣẹ́, òdòdó ló ń gé. Pa fóònù ẹ, kí o tún un tàn."

Mo pa fóònù, mo jù ú sínú báàgì. Mo lẹ páálí tuntun, mo wá jókòó láti fẹ́ ara mi lábẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Ìrun ọ̀sán ti tó. Ẹ̀rọ alọta tó wà lódìkejì ti dákẹ́. Títì dá wáí.

Ṣìn-ìn.

Mi ò tẹ nǹkan kan. Fóònù mi wà ní pípa. Ẹ̀rọ náà gbé páálí mì, ó fà á síwá, ó fà á sẹ́yìn, ó gé e tán, ó tu ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mo wo páálí náà láti ibi tí mo jókòó sí. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Orí rẹ̀ ni Ìyá Sàrátù bá mi. Àwọn páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí tábìlì. Ó mú ọ̀kan, ó dà á délẹ̀, ó yí i títí ṣóńṣó rẹ̀ fi kọjú sí ìlà oòrùn.

"Ta ló ya oko wa?"

"Oko kẹ̀?"

"Oko Bàbá Sàrátù nìyí. Odò ló wọ́ báyìí. Ibí ni mò ń gbin ilá sí. Ibí lèèyàn ń gbà wọlé tó bá ti Ìlerò bọ̀."

"Ẹ jókòó ná, Ìyá Sàrátù."

"Mi ò jókòó. Kí ni ihò yìí?"

Mo sún mọ́ ọn láti wò ó.

"Ọ̀gán ló wà níbẹ̀," ó ní. "A kì í kọ ebè débẹ̀."

Àwòrán oko náà tí awọnlẹ̀ yà wà lórí fóònù mi, nítorí ìwé ẹ̀sùn tí mo bá Ìyá Sàrátù kọ. Samsudeen, tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ṣe é kó tóbi tó páálí náà gan-an. A gbé páálí lé e. Wọ́n dọ́gba yíká.

"Kò sí àràmàǹdà níbẹ̀," Samsudeen ní. "Àwòrán yẹn wà lórí fóònù ẹ, ẹ̀rọ ló gbà á ṣì. Ìwọ náà tó lọ Yunifásítì!"

Inú mi dùn sí àlàyé yẹn. Ó wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ihò ńkọ́?" mo ní.

Ó wo àwòrán awọnlẹ̀. Kò sí ihò níbẹ̀. Ó rọra gbé páálí náà sílẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, òde ló ti ń kí mi.

Mo mú páálí kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì Jẹ́ẹ́dé ló wà níbẹ̀.

"Ajàfẹ́tọ̀ọ́, ẹ tún ti dé. Kí lẹ gbé wá lónìí, kéèkì?"

"Oko Ismaheel nìyí, sà. Ẹ lọ gbẹ́ ibi tí ihò yìí wà."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ lọ gbẹ́ ẹ ná."

Ó wò ó pẹ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ìdí ọ̀gán," ló sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti páálí náà mọ́ dúróò, ó ní kí n máa lọ, àwọn máa pè mí.

Mo ti délé kí n tó rántí pé èmi ò dárúkọ ọ̀gán fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Sàrátù pè mí láàárọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Katakátá ti wọ oko."

"Kí ni wọ́n ní àwọn ń ṣe?"

"Ẹ̀ṣọ́ ní wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ti wó ọ̀gán yẹn. Ọkọ̀ kan gbé nǹkan jáde, wọ́n fi tapólì bò ó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí ẹ̀rọ alọta dákẹ́, ẹ̀rọ mi bẹ̀rẹ̀. Mo dúró tì í. Oko náà ló gé, odò àti gbogbo rẹ̀. Mo gbé e sókè sí oòrùn. Mo fi ìka wá gbogbo ara rẹ̀.

Kò sí ihò.

Ìyá Sàrátù dé nírọ̀lẹ́. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ibẹ̀ títí.

"Ibí ló wà títí di àná," ó ní.

"Èmi ni mo lọ sọ fún wọn."

Ó gbé páálí náà lé mi lọ́wọ́, ó jáde.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Faith jáde dáadáa, Mọ́ládé sì yìn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún gé ìbéèrè wa, tí mo sì lẹ páálí òfìfo tẹ̀ lé e, tí mo jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀. Abẹ kò mira.

Mo ti kọ lẹ́tà sí àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kọ ọ̀kan sí Olóyè Ìyápọ̀. Oṣù márùn-ún rèé. Ohun tó wà nínú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo gé sára páálí funfun, tí mo gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ọkọ̀ wọn ń gbà kọjá:

Ẹ GBÉ ISMAHEEL LÁDÒKUN FÚN ÌYÀWÓ RẸ̀ KÓ LỌ SIN ÍN.