Aṣọ Ijó Wílber

Pákó ilẹ̀ ilé wa máa ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn. Ilé àtijọ́ ni, àwọn ọlọ́rọ̀ ló kọ́ ọ láàárín ìlú Lima nígbà tí ọba Sípéènì ṣì ń jọba lórí wa, kó tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọmọdé tẹ pákó yẹn, ó ké. Ológbò tẹ̀ ẹ́, ó ké. Èmi tí mo ń mú àlejò káàkiri yàrá rẹ̀, igbe pákó ni mo fi ń mọ̀ bí ẹnìkan bá ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi tutù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀rọ̀ létí mi nínú yàrá aṣọ. N kò gbọ́ ìgbà tó rìn dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ìta dà?"

Ó wọ ẹ̀wù funfun. Ó rù díẹ̀, ètè rẹ̀ sì gbẹ bíi ti ẹni tí kò rí omi mu láti àárọ̀. Mo nawọ́ sí àtẹ̀gùn. Ó dúpẹ́, ó lọ. Pákó kò ké. Mo yíjú sí àwọn àlejò mi, ṣùgbọ́n kí n tó parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu mi, ó tún ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ má bínú. Ọ̀nà ìta dà?"

Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn àlejò tó wò ó.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo tún rí i, ó jókòó ti Doña Eudocia. Gbogbo wa la mọ Doña Eudocia. Ìyá àgbà kan ni, ará ìlú orí òkè bí ìdajì àwa tí a wà ní Lima, onífìlà gbígbòòrò, onírun dídì méjì. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá. Kì í wo àwòrán, kì í wo ìkòkò. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ló máa ń jókòó sí, níwájú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi aṣọ ijó àwọn oníjó àlùmọ́gàjí kọ́ sí, á máa jẹ àgbàdo yíyan nínú ọ̀rá, èmi á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i, nítorí a kì í jẹun níbẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ ti ilé, mo lọ bá Don Fausto, olùṣọ́nà wa.

"Don Fausto, ọmọ tó máa ń tẹ̀ lé Doña Eudocia wọlé yẹn, ọmọ rẹ̀ ni?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọkùnrin aláṣọ funfun yẹn."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Herlinda, ṣé o ti jẹun lónìí?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lo jẹ?"

"Don Fausto."

"Èmi ni mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Òun nìkan ló ń wọlé. Òun nìkan náà ló ń jáde." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Báwo ló ṣe ga tó?"

Mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀.

Kò ṣàwàdà mọ́ títí a fi ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jókòó ti ìyá náà fúnra mi. Ọmọkùnrin náà wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi ọwọ́ tẹ ògiri wò bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn.

"Ìwọ náà ń rí i," ni Doña Eudocia sọ. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Mo ń rí i, màmá."

"Ó dáa. Mo ti ń rò pé orí mi ló dàrú." Ó na ọ̀rá àgbàdo sí mi. "Wílber nìyẹn. Àbígbẹ̀yìn mi. Òun ló ni aṣọ yìí."

Mo wo inú gíláàsì. Aṣọ àrán pupa ni, tí wọ́n fi òwú wúrà àti dígí kéékèèké ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti èjìká dé orúnkún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ méjì tí àwọn oníjó náà máa ń lù mọ́ra lọ́wọ́ ọ̀tún bí wọ́n bá ń jó, tí a ń pè ní àlùmọ́gàjí.

"Ibi ọdún ìlú wa ló ti jó," ni ìyá náà wí. "Ó jó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó borí gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, bọ́ọ̀sì wọn já sínú ọ̀gbun. Àpò aṣọ wà lórí bọ́ọ̀sì. Nǹkan kan kò ṣe aṣọ. Òógùn ọmọ mi ṣì wà lára aṣọ náà nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi."

Ọmọ orí òkè ni èmi náà, mo mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé ìyẹn. Bí ènìyàn bá kú lọ́dọ̀ wa, ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ará ilé á kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ sí etí odò. Wọn á fọ̀ ọ́ kanlẹ̀, kí òógùn ayé lè kúrò lára rẹ̀, kí òkú lè rí ọ̀nà lọ. Bí ìyá mi ṣe fọ aṣọ bàbá mi nìyẹn.

"Màmá, ẹ kò fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ ṣòkòtò rẹ̀. Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó ti ya. Aṣọ yìí ló kù. Ọ̀gá yín wá bá mi, ó ní àwọn fẹ́ ẹ kí gbogbo ayé lè máa wò ó. Mo bi í léèrè bí ẹ ṣe ń tọ́jú aṣọ. Ó ní, 'Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. A kì í fọ aṣọ níbí láéláé. Omi máa ń ba aró jẹ́.'" Ó ju hóró àgbàdo kan sẹ́nu, ó rún un díẹ̀díẹ̀. "Mo ní kó tún un sọ. Ó ní láéláé. Mo ní kó máa gbé e lọ."

Mo yíjú sí ọmọkùnrin náà lára ògiri.

"Kò rí ọ̀nà lọ, màmá."

"Ibo ló fẹ́ lọ? Ṣé kò sí lọ́dọ̀ mi ni?"

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

"Mo mọ̀." Ó fi ìka nu ètè ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó ń jókòó tì mí. Nígbà tó wà láyé, ṣé o rò pé ó ń jókòó? Bó bá ti jẹun tán báyìí, ó ti dé títì. Jẹ́ kó jókòó díẹ̀."

Mo jẹ́ kó jókòó. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọmọ náà ń rù sí i, ẹ̀wù funfun rẹ̀ sì ń ṣá. Àwọn dígí ara aṣọ inú gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú fún ooru, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sí wọn láti inú. Ọ̀gá wa ní kí wọ́n wá wo ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é.

Nígbà tó yá, ọjọ́ kan dé tí yàrá náà ṣófo. Doña Eudocia wà lórí bẹ́ǹṣì, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin náà wọlé, ó rìn yíká, ó sì dúró níwájú ìyá rẹ̀ bí ẹni tó bá àlejò ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé.

"Ẹ káàsán, màmá. Ṣé ẹnìkan ti jókòó síbí?"

Ọwọ́ ìyá náà dúró sínú ọ̀rá. "Rárá. Jókòó."

"Ẹ ṣeun. Ó ti rẹ̀ mí." Ó jókòó, ó fi àlàfo sáàárín wọn bí ọmọlúàbí. "Ta lẹ wá wò?"

"Ọmọ mi."

"Ṣé ibí ló ti ń ṣiṣẹ́?"

Ìyá náà wo aṣọ inú gíláàsì. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Orí rẹ̀ dáa, ó ní ẹni tó ń wá a wá." Ó fi ahọ́n lá ètè rẹ̀. "Èmi náà ní ìyá. Mo rò pé ó ti máa retí mi nílé títí. Ojú rẹ̀ ni mi ò rántí mọ́." Ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ bá mi fi ọ̀nà ìta hàn."

Doña Eudocia gbé ọwọ́ sókè. Ó nà án sí àtẹ̀gùn, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe.

Nígbà tí kò rí i mọ́, ó ká ẹnu ọ̀rá àgbàdo, ó fi í sínú àpò. Kò sunkún.

"Herlinda," ló wí, "níbo lẹ ti ń rí omi nínú ilé yìí?"

A kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Èmi àti Don Fausto nìkan ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí Doña Eudocia dé, ó gbé ọṣẹ ìfọṣọ àti agolo eérú dání. Don Fausto di kọ́kọ́rọ́ àpótí gíláàsì mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Kí la máa sọ fún ọ̀gá?"

"Ká sọ pé òjò ló pa aṣọ náà," ni mo wí.

"Òjò. Ní Lima." Ó gbójú wo ojú ọ̀run wa, tó máa ń ṣú láràárọ̀ tí kì í rọ̀. "Níbi tí wọ́n ti bí mi, tí mo dàgbà, tí mi ò ní agboòrùn rí." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Òjò ni." Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ọpọ́n òkúta kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi ní àgbàlá. Ìyá náà kọ́kọ́ da eérú sí ẹnu ọ̀nà títì, bí a ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa ká lè rí ipa ẹsẹ̀ òkú bó bá ń lọ, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ ti ọpọ́n. Ó ní kí n má ran òun lọ́wọ́. Ó ń fọ aṣọ náà bí ẹni ń wẹ ọmọ ọwọ́, ó ń gbé e lórí, ó ń yí i padà, ó ń bu omi sí i níbi ọrùn. Òórùn òógùn jáde láti inú rẹ̀, òórùn ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán. Aró pupa ṣàn sínú gọ́tà. Lókè, nínú yàrá aṣọ tí kò sí ẹnì kankan, àwọn irin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, lẹ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dákẹ́.

"Ẹ wò ó," ni Don Fausto sọ, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Ipa ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà wà nínú eérú. Títì ni wọ́n kọjú sí.

Doña Eudocia wò wọ́n, ó mi orí. Ó gbá mi mọ́ra, aṣọ rẹ̀ tutù rin, ó ní òun fẹ́ lọ kí bọ́ọ̀sì tó kún. Ó gba ẹ̀gbẹ́ eérú kọjá, kò tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni mo sá aṣọ. Mo sá ẹ̀wù, mo sá ìgbàyà, ṣòkòtò, ìbọ̀sẹ̀. Mo sá ìbọ̀wọ́ òsì. N kò rí ti ọ̀tún.

"Ó wà nínú ọpọ́n," ni Don Fausto sọ. Kò sí níbẹ̀. Ó ki apá bọ gọ́tà títí dé èjìká. Kò sí níbẹ̀.

Mo sáré gun òkè lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi tó yọ sí ojú títì, mo sì yọjú láti ihò pákó rẹ̀. Doña Eudocia ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìkóríta. Apá rẹ̀ kan kò sún mọ́ ara rẹ̀, ó di ìbọ̀wọ́ náà mú ní ìka. Gbígbẹ ni, omi kò kàn án, pupa rẹ̀ kò ṣí. Mo wò ó dáadáa láti òkè. Ìbọ̀wọ́ náà kò rọ̀ sílẹ̀. Inú rẹ̀ kún, bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì kan yí kọ́nà pẹ̀lú eré. Ìyá náà dúró, ó fa ọwọ́ yẹn kọjá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, níhà ògiri, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọdé, ó dúró títí bọ́ọ̀sì fi kọjá, lẹ́yìn náà ni ó tó rìn lọ.