Nọ́ḿbà Mẹ́fà Láti Ìmọ̀ta

Ọkùnrin náà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé ẹrù tó gbé dání, ó wá fi orí ara rẹ̀ sílẹ̀ fún òjò. Bí Morádéyọ̀ ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, láti ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ tó ti ń ta àwọ̀n ìpẹja ní Ìjẹ̀dẹ́.

"Ẹ wọlé jàre! Kí lẹ gbé tó sàn ju ara yín lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, omi ń kán ní imú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí ni mò ń wá."

Morádéyọ̀ gbé àwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọkọ mi ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú."

"Háà! Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Iṣẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tó wé sínú ṣẹ́ẹ̀tì ni fáyawọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń dènà àwọn olè tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Àlòkù ló rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní ọjà Agric, ẹni náà ló sì júwe ìsọ̀ yìí fún un. Ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kò béèrè orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀.

"Orúkọ ọkọ yín ni," ó ní. "Àwọn tó ṣe é ò ní ta láísẹ́ǹsì fún wa, ọ́pídéètì, àtúnṣe tuntun tó ń dènà olè, ò sì ní wọlé, àfi tí a bá yọ orúkọ yẹn kúrò."

Ó tú ẹrù náà. Bébà kan tó ti ń ṣí wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n fi bírò kọ ọ́ pé: Ẹ MÁ PA Á O. Morádéyọ̀ mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Ó fi ìka kàn án, omijé bọ́.

Ó mọ páàsìwọ̀dù, torí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ni Adétúnjí fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà ìdánilójú mẹ́fà kan tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé sórí fóònù olóògbé, fóònù náà sì wà lọ́wọ́ Hàbíbàt, ìyá ọkọ rẹ̀, ní Ìmọ̀ta. Ìyá náà kò jẹ́ kí láìnì yẹn kú. Gbogbo Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ló fi ń pe Morádéyọ̀, kí iléeṣẹ́ fóònù má baà gba nọ́ḿbà ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bó bá ti dún, "Olówó Orí Mi", orúkọ tí Morádéyọ̀ fi pa nọ́ḿbà ọkọ rẹ̀ mọ́, ló ń jáde lójú fóònù. Ta ló láyà láti ní kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá òun yọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kúrò lórí nǹkan?

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀," Morádéyọ̀ wí.

Ọkùnrin náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì, kò dárúkọ ẹ̀rọ. Ó tún wá lọ́sẹ̀ kẹta, ó ń bá a so àwọ̀n.

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ò lè ta kókó! Ṣé ẹja ń fò wọnú ìkòkò yín ni?"

"Ojú yín tí mò ń wò ni ò jẹ́ kí n rí kókó."

Díẹ̀díẹ̀, "ẹ" kúrò láàárín wọn. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ní, "Déyọ̀, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò lè fi pamọ́ mọ́."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Màmá ò ní ẹlòmíràn. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, Iṣẹ́, mi ò ní lè fẹ́ ọ."

"Mi ò wá du ipò ọmọ wọn." Ó mí kanlẹ̀. "Àmọ́ ilé ìwòsàn ti fún mi di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Olè ti ti ìwé àwọn aláìsàn pa mọ́ wa lójú rí. Bí ẹ̀rọ yìí ò bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ mi ló máa lọ."

Ọjọ́ kejì ni Morádéyọ̀ gba Ìmọ̀ta lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀, kò fi ìfẹ́ Iṣẹ́olúwa pamọ́.

"Tẹ̀ ẹ́," ìyá wí. Morádéyọ̀ tẹ páàsìwọ̀dù sórí fóònù tirẹ̀, fóònù orí itan ìyá sì gbọ̀n: nọ́ḿbà mẹ́fà náà ti wọlé. Ìyá wò ó, kò kà á síta.

"Tí mo bá ka èyí, kí ló kù tó ń jẹ́ Adétúnjí?"

Morádéyọ̀ di ọwọ́ ìyá mú. Ó sunkún, ìyá náà sunkún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fún nọ́ḿbà náà sì kọjá.

"Kò wúlò mọ́, Màmá. Ẹ má bínú. Mi ò ní béèrè mọ́."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá tó sọ̀rọ̀.

"Òjò ọjọ́ yẹn, ẹrù ọmọ mi ló bọ́ṣọ bò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ìyá nu ojú. "Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lọ́tẹ̀ yìí ó kà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fa tẹ̀súbà, Morádéyọ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ wọlé títí orúkọ Adétúnjí fi kúrò lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò súre, kò sì dárúkọ ọkùnrin náà. Ọkàn Morádéyọ̀ wúwo délé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, ó wà ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí láísẹ́ǹsì tuntun wọlé tí ọ́pídéètì sì ń sáré lọ. Iṣẹ́olúwa fa gọ́ọ̀mù sẹ́yìn bébà àtijọ́ náà, ó tún un lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀. Fóònù Morádéyọ̀ dún. Olówó Orí Mi.

"Ọkùnrin náà ńkọ́?" ìyá béèrè.

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Màmá."

"Gbé fóònù fún un."

Iṣẹ́olúwa fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ọ́fíìsì, bí ìyá ò tilẹ̀ rí i.

"Òjò ti ṣú ní Ìmọ̀ta," ìyá wí. "Bí o bá ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ mi, mú agboòrùn dání. Orí tìẹ náà, bò ó."