Ojú Títì Ló Yọ̀, Kì í Ṣe Kọ́láolúwa

Nígbà tí Kọ́láolúwa kọ́kọ́ rí Tiwátọ́pẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ló wà láàárín títì Ailegun, ó ń da yanrìn sójú ọ̀dà, ó sì ń fi igi pẹlẹbẹ kan tẹ́ ẹ roboto.

Àwọn obìnrin àdúgbò ti ń pariwo pé ètùtù ló ń ṣe. Ẹnì kan tilẹ̀ ti mú ìgbálẹ̀ dání. Kọ́láolúwa fi tírélà rẹ̀ dí ojú ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró ti ọmọbìnrin náà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń ṣe gan-an?"

"Iṣẹ́ mi ni. Títì ni mò ń wọ̀n. Tó bá ṣì ní ihò wẹ́wẹ́ lára, yanrìn á wọ inú ẹ̀, kò ní tàn ká. Tó bá ti jẹ, tó sì ti dán, á tàn lọ. Ẹ wo bó ṣe tàn tó! Tí òjò bá rọ̀ síbí, táyà ò ní rí nǹkan dì mú."

"Ẹ ò bẹ̀rù àwọn tó ń pariwo lé yín lórí?"

"Àwọn tó ṣe títì yìí ló yẹ kó máa bẹ̀rù."

Kọ́láolúwa bú sẹ́rìn-ín. Èsì yẹn ló mú un. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi ń pè é ní Ìyá Oníyanrìn, tí òun náà ń pè é ní Bàbá Tírélà. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Inú ń bí mi láti sọ ìyókù. Òkúta tí kò le ni wọ́n pò mọ́ ọ̀dà títì yẹn, àwọn tírélà tó ń lọ síbi àwọn ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀ sì ti fi táyà lọ̀ ọ́ di dídán. Gbogbo àwọn aláṣẹ ló mọ̀. Ta ló ṣe nǹkan kan sí i? Kò sí!

Lóṣù kẹfà, òjò winniwinni rọ̀. Kọ́láolúwa tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ ní kọ́nà kan lórí títì Ailegun, tírélà yọ̀, ó wó ògiri ilé ìkẹ́rù kan. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀, tí kò fẹ́ kí owó ògiri náà kan òun, gbé ìwé kan síwájú rẹ̀. Kó fọwọ́ sí i pé eré àsápajúdé lòun sá, wọn ò sì ní lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tí kò bá fọwọ́ sí i, kó máa lọ.

Bàbá Tiwátọ́pẹ́, tíṣà ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì, sì ti sọ ọ́ gbangba pé òun ò ní fọmọ òun fún ẹni tí kò níṣẹ́.

"Olólùfẹ́ mi, mo máa fọwọ́ sí i," ni Kọ́láolúwa wí. "Torí tiwa ni."

Tiwátọ́pẹ́ dìde fùú. "Torí tiwa kẹ̀? Èmi ni mo wọn títì yẹn! Mo mú èsì ẹ̀ lọ fún àwọn ọ̀gá mi, wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Wọ́n á wá ní ìwọ lo jẹ̀bi? Tóo bá fọwọ́ ara ẹ purọ́ mọ́ ara ẹ, má fọwọ́ yẹn kàn mí o."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Ṣé Bàbá ló máa bá ẹ gbélé ni?" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Kọ́lá mi, ìwọ ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ irọ́ wọn."

Lọ́jọ́ kejì, Kọ́láolúwa dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ tírélà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ Bàbá, l'Éjìgbò.

"Ẹ kú ilé, sà. Mi ò níṣẹ́ mọ́ o. Wọ́n ní kí n purọ́ mọ́ ara mi, mo kọ̀." Ó sọ gbogbo ẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. "Títì náà ńkọ́?"

"Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀, sà. Àwọn ọmọ iléèwé ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́."

"Ìranù gbáà!" Bàbá lu tábìlì gbì. "Wọ́n ṣe títì tí kò dáa, wọ́n tún fẹ́ kí ọmọlúàbí jẹ̀bi ẹ̀!"

Ó ní kí Tiwátọ́pẹ́ gbé ìwé wá. Ojú ewé méjì gbáko ló kọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n so ẹ̀dà èsì títì náà tó wà lọ́wọ́ Tiwátọ́pẹ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló na bírò sí wọn.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fọwọ́ sí i."

Tiwátọ́pẹ́ fọwọ́ sí i. Kọ́láolúwa fi tirẹ̀ sí abẹ́ ti Tiwátọ́pẹ́. Bàbá ka orúkọ méjèèjì, ó sì rọra ṣẹ́ ìwé náà po.

"Kọ́láolúwa."

"Sà."

"Iṣẹ́ á wá. Ọjọ́ wo làwọn òbí rẹ ń bọ̀ wá mọ̀ wá?"