Oríkì Tí Adébùnmí Sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Penrick

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan lọ́dún 1996, ìyá Adébùnmí gbé fóònù ní Ọ̀yọ́, kò sì ki ọmọ rẹ̀. "Adébùnmí, ṣé dáadáa ni?" ni gbogbo ohun tó sọ. Fún ọdún mẹ́sàn-án tí Adébùnmí ti ń gbé ní Suitland ní Amẹ́ríkà, Àwẹ̀ró ni í kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀, oríkì a sì tẹ̀ lé e títí káàdì ìpè á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oríkì yẹn ló ń gbé e dé Sọ́ńdè mìíràn.

"Màámi, ẹ ò kì mí lónìí."

"Oríkì wo?" ni ìyá béèrè. " Mi ò rántí pé a fún ọ ní oríkì kankan."

Ọ̀gbẹ́ni Penrick ló sọ sí Adébùnmí lọ́kàn. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá yìí, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí ìwé rẹ̀ mẹ́fà gbayì ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó kó wá sí Lake Arbor, nítòsí Suitland. Gbogbo Sátidé ni Adébùnmí ń lọ bá a tẹ ìwé keje sínú kọ̀ǹpútà, ìwé tí kò rìn fún ọdún mẹ́rin. Lánàá ló béèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ, pé òun ń wá orúkọ fún obìnrin inú ìwé náà. Ọmọ tí a kọ́ ni Adébùnmí. Àgbàlagbà béèrè, ó fèsì. Ó ka oríkì náà fún un jálẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n fi òun sínú ìwé?

Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń sáré. Ní Sátidé kan, òórùn ọṣẹ dúdú gba yàrá ìkọ̀wé bàbá náà. Nínú ìwé, Àwẹ̀ró kékeré ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, àpá epo gbígbóná wà lábẹ́ etí rẹ̀ òsì. Adébùnmí kò sọ ìyẹn fún un rí. Ó fọwọ́ kan abẹ́ etí tirẹ̀. Àpá tí epo dá sí i lára ní kékeré kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ orúkọ náà kúrò. Bàbá náà wo ìwé mẹ́fà orí pẹpẹ, tí àwòrán obìnrin wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Gbogbo wọn ló bẹ̀ mí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò fi ọpọlọ ara mi ṣẹ̀dá ẹnikẹ́ni sínú ìwé rí. Tí mo bá ti gbọ́ orúkọ, ọwọ́ mi kì í dúró mọ́." Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ti sunkún.

Adébùnmí ní òun ò ní tẹ orí tó gbẹ̀yìn ìwé náà. Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀. Ìgbà tó máa fi mọ̀, ó ti jókòó padà, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń wò wọ́n, kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé Àwẹ̀ró dé ilé ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Ọ̀yọ́. Kó tó lanu, ó ti ń gbọ́ ìyá rẹ̀: "Àwẹ̀ró mi, òkín." Oríkì náà pé, kò fo ibì kan. Adébùnmí bú sẹ́kún ayọ̀.

"Màámi, ẹ ti rántí."

Oríkì náà dúró. Ohùn obìnrin kan dún nínú yàrá ìyá rẹ̀, ohùn Adébùnmí gan-an: "Màámi, ta nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi." Ìyá wá fi ọ̀wọ̀ tí a fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ padà sórí fóònù. "Ẹ má bínú o. Ọmọ mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé. Ta lẹ ń wá?"